Agboòrùn kan náà

Ọjọ́ lọ bó ṣe máa ń lọ. Ibi iṣẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá, mo délé kò síná.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jà lọ́kàn mi. Mo dúró gba owó lọ́dọ̀ ìyá oníPOS ìta wa, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn pé, "Agboòrùn yìí kan náà ni mo fi ta kọ́ọ̀lù o, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń yí." Wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí, wọ́n ka owó mi fún mi, ó parí. Kò parí lọ́dọ̀ tèmi.

Torí mo rántí ayé kọ́ọ̀lù yẹn. GSM dé ní 2001, owó SIM nìkan ju owó oṣù ẹlòmíì lọ, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, tó o bá sì fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sọ̀rọ̀ odindi ìṣẹ́jú ni wọ́n máa gbà. Ibẹ̀ làwọn alágboòrùn tó ń ta kọ́ọ̀lù fún ẹni tí kò ní fóònù ti rí jẹ. Glo wá dé ní 2003, wọ́n ní àáyá àáyá làwọn á máa kà á, àwọn tó kù náà tẹ̀lé wọn, SIM já wálẹ̀, oníkálukú ra tiẹ̀. Ìyá yí sí káàdì tá a fi ń pe fóònù. Káàdì náà tún kú, a ti ń rà á látorí fóònù.

Àmọ́ ṣé kì í ṣe kọ́ọ̀lù tí wọ́n ń tà fún wa ló kọ́ wa pé èèyàn ò lè wà láìní fóònù ni? Àwọn fúnra wọn ló pa ọjà ara wọn.

Ẹ tún wo ti báńkì. A kì í tò nídìí ATM mọ́ torí ìyá wà níbẹ̀, báńkì rí i pé a kì í tò mọ́, wọn ò kówó sí i bíi tàtẹ̀yìnwá, nígbà tí kò sówó níbẹ̀ àwa náà ò lọ mọ́. Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? February 2023 tí náírà wọ́n bí ojú, abẹ́ agboòrùn yẹn la ti ń fi owó ra owó.

Mo sọ fún yín níjọ́sí pé ayé ló yí mọ́ ọ́fíìsì wa lọ́wọ́. Irọ́ ni, mo ti ronú sí i. Àwa la sọ fún kọ́sítọ́mà pé kí wọ́n máa ṣe gbogbo ẹ̀ lórí fóònù, kí wọ́n má da ara wọn láàmú wá. Èmi gan-an ló lẹ àwọn ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ara ògiri. Wọn ò sì wá mọ́ lóòótọ́...

Agboòrùn kan náà kẹ̀, aṣọ ẹ̀ ti yí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lójú mi. Ṣùgbọ́n irin ẹ̀, bóyá.

Màá yà lọ́dọ̀ wọn lọ́la. Mo fẹ́ bi wọ́n pé láàárín ìgbà tí káàdì kú àti ìgbà tí POS dé, kí ni wọ́n ń tà?