Ilé oníṣòwò Agùdà, ìwọ̀n 1:10: ìgbátí abẹ́ òrùlé ló ń bá wa fà á

Àwòṣe kékeré ni a ń kọ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá ilé gidi, ti irú ilé tí àwọn Agùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà, kọ́. Iwájú ilé ti dúró. Bíríkì bíi 750 ti wọ igun ìsàlẹ̀ ọwọ́ òsì, níbi tí a kò ní rẹ́, kí ojú lè rí inú ògiri. Àpótí ìmọ tó gùn ní mìlímítà 24.5 ló bí bíríkì mìlímítà 22, torí amọ̀ a máa súnkì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta ti wọlé. A fẹ̀ wọ́n ju fèrèsé òkè lọ: ìsàlẹ̀ ni ìsọ̀ àti ilé ẹrù, níbi tí àgbá epo pupa ti ń yí jáde kó tó wọ ọkọ̀ gba ọ̀sà lọ sí Èkó. Òkè ni olówó ń gbé.

Ìgbátí, ìyẹn ọ̀ṣọ́ tó yọ síta lábẹ́ òrùlé, ló kù: gíga sẹ̀ǹtímítà 3, gígùn mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 20. Páànù tí a fi ayùn gé sí ìrísí rẹ̀, tí a kàn mọ́ igi, ni a ń fà lórí àdàlù tútù. Bí àdàlù bá jẹ́ chaux (ẹfun tí a fi òkúta sísun ṣe, lime) nìkan, kò tètè le, ibi tó bá nípọn á sán. Bí a bá sì fi plâtre (P.O.P.) kún un ní ìlàjì sí ìlàjì, ìṣẹ́jú bíi 15 ni yóò ti le, ṣùgbọ́n bó ti ń le ló ń wú, páànù á há ní ìfà ìkẹyìn, á sì fa etí ìgbátí ya. Fífi omi kún un kò ràn án. Ńṣe ni yóò rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni páànù kejì tí a so mọ́ iwájú ti àkọ́kọ́, tó yọ jù ú lọ ní mìlímítà 2. Òun ni a fi fa inú, pẹ̀lú yanrìn tí a sẹ́. Lẹ́yìn náà a tú u kúrò, a fi àdàlù tí kò ní yanrìn kún àlàfo tó ṣẹ́ kù ní ìpele fẹ́ẹ́rẹ́. Wíwú ìpele tín-ín-rín kò tó láti há páànù. Kí ògiri tó gba àdàlù, ẹ fi omi rẹ ògiri náà dáadáa, torí bíríkì gbígbẹ a máa fa omi inú àdàlù mu.

Chaux fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àpò tó ti ṣí pẹ́ lọ́jà Wàńdò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀) ti jẹ atẹ́gùn, ó ti kú. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí díẹ̀: bó bá hó yaya, ẹ má rà á. Sìmẹ́ǹtì kọ́ ni àrọ́pò rẹ̀. Òun àti plâtre kì í bára gbé: bí ọ̀rinrin bá dé, àdàlù wọn á wú, á fọ́. Lára ilé gidi ní Àjàṣẹ́ náà, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rẹ́ mọ́ ògiri amọ̀ ò jẹ́ kí omi tó ń gòkè láti ìpìlẹ̀ ríbi jáde. Ògiri á rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn tó ti Bàhíà ní Brazil padà lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní 1835 ló gbé irú ìgbátí yìí wá, àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Ìlú Àjàṣẹ́ ń gbòòrò nígbà Ọba Tofa (1874 sí 1908), oníṣòwò sì ń fi iwájú ilé hàn án. Àpẹẹrẹ wọn ni ìdílé Paraïso: orúkọ Potogí, ìran Yorùbá, ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Mọ́sáláṣí ńlá ìlú náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1912 wọ aṣọ kan náà, bí ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà.

Igun ni a yí ètò padà fún. Igi tó gbé páànù máa ń gbá ògiri kejì kó tó dé òpin, nítorí náà a kò ní fà á lára ògiri mọ́. Orí gíláàsì tí a fi òróró díẹ̀ pa ni a ó ti fà á, a ó fi ayùn gé e ní ìwọ̀n 45, a ó ha ẹ̀yìn rẹ̀, a ó rẹ ojú méjèèjì, a ó sì fi plâtre lẹ̀ ẹ́.

Àwọ̀ ń dúró dè é: ilẹ̀ pupa tí a sẹ́, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá chaux lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ran aṣọ.