Kámẹ́rà Lọ́wọ́ Ọmọ Ọdún Mẹ́rin

Ọmọ ọdún mẹ́rin lè ya fọ́tò tó dáa, bí àgbà bá ti bá a to kámẹ́rà náà sílẹ̀ kó tó gbé e fún un. Òdìkejì èyí ni ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe. Wọ́n á fi kámẹ́rà sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á wá máa pariwo lé ọmọ lórí: "Gbé e sókè! O ti gé orí bàbá ẹ!" Ẹ jẹ́ kó gé e. Ohun tí ọmọ fẹ́ yà, tiẹ̀ ni; kí àwòrán má ṣe bàìbàì, tiyín nìyẹn.

Kámẹ́rà kékeré àtijọ́ tó ṣeé fi ọwọ́ kan dì mú sàn ju fóònù lọ, torí ó ní bọ́tìnnì gidi. Lórí fóònù, ìka ọmọ á kan ojú ibi tí kò yẹ, kámẹ́rà á sì pa dé. Bó bá jẹ́ fóònù náà lẹ ní, ẹ yọ síímù rẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa íntánẹ́ẹ̀tì. Okùn kámẹ́rà, ọrùn ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ sí; ẹ má fi kọ́ ọmọdé lọ́rùn, ó lè fún un lọ́rùn bó bá há síbì kan.

Ọ̀rọ̀ bàìbàì yìí gan-an ló gba àlàyé. Ọmọ kékeré kì í tẹ bọ́tìnnì, ńṣe ló máa ń gún un. Bó ṣe ń gún un ni kámẹ́rà ń tẹ̀ wálẹ̀, àsìkò yẹn gan-an ló sì ń ya àwòrán. Fún ohun tí kò rìn, ẹ fi táímà sí ìṣẹ́jú-àáyá 2: ọmọ á tẹ̀ ẹ́, á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kámẹ́rà á sì yà á fúnra rẹ̀. Fún ajá tàbí àbúrò tó ń sáré, táímà ò wúlò. Ẹ tò ó kó máa ya mẹ́ta mẹ́rin léraléra. Àwọn tàárín ló sábà máa ń mọ́ jù, nítorí ìka ti dúró lórí bọ́tìnnì nígbà yẹn.

Bí kámẹ́rà bá gbà yín láyè, ẹ má jẹ́ kí àkókò tí ojú rẹ̀ fi ń ṣí láti ya àwòrán kan gùn ju 1/250 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, kẹ́ ẹ sì fi ISO (nọ́ńbà tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tètè ràn án tó) sílẹ̀ kó máa yan fúnra rẹ̀, kó má kọjá 1600. Bí kò bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ yan àmì ẹni tó ń sáré. Iṣẹ́ tó jọ bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe. Ẹ pa súùmù tì: bó ṣe ń sọ nǹkan di ńlá náà ló ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá.

Àbààwọ́n pupa rúsúrúsú ní igun àwòrán, ìka ni. Ẹ lẹ sítíkà tó rí ṣágiṣàgi sí ẹ̀gbẹ́ ojú kámẹ́rà kí ìka lè mọ ààlà rẹ̀. Bí gbogbo àwòrán bá dà bíi pé kùrukùru bò ó, ọ̀rá ọwọ́ ló wà lójú kámẹ́rà. Aṣọ òwú tó mọ́ tó sì fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Etí ẹ̀wù tó ní iyanrìn á ha á.

Ọmọdé fẹ́ràn àtisún mọ́ nǹkan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré kì í ríran dáadáa bí nǹkan bá sún mọ́ ọn ju bíi 30 sí 50 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ kọ́ ọ pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá tó nǹkan náà, kó sún sẹ́yìn díẹ̀. Kòkòrò àti òdòdó ńkọ́? Ẹ bá a tẹ àmì òdòdó. Oòrùn nìkan ni kò gbọ́dọ̀ kọjú kámẹ́rà sí, pàápàá bí kámẹ́rà náà bá ní ihò tí wọ́n ń fi ojú wò.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fún un níṣẹ́ kan pàtó: nǹkan pupa márùn-ún, tàbí ẹsẹ̀ gbogbo ará ilé. Lẹ́yìn náà, òun ni kó yan mẹ́ta tí ẹ máa tẹ̀ jáde. Mẹ́gápíksẹ́lì 2 péré (ìyẹn àmì tíntìntín mílíọ̀nù méjì tó para pọ̀ di àwòrán) ti tó fún ìwọ̀n 10 × 15 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà kámẹ́rà àtijọ́ kì í ṣe àwáwí. Kẹ́ ẹ sì tètè kó àwòrán inú káàdì náà sórí kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ọmọ tó ti mọ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yà á máa tó rí èyí tí wọ́n fi ń pa á rẹ́.