Winslow, ìlú tó kọjú sí ojú irin

Ọjọ́bọ̀

Ẹni tó bá wa mọ́tò wọ Winslow, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Ilé epo àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì pa ni yóò kọ́kọ́ rí. Apá gúúsù, níbi tí irin gbà kọjá, ni iwájú ìlú náà wà.

Rélùwéè ló bí i. Láàárín 1881 sí 1882, bí ilé iṣẹ́ rélùwéè Atlantic and Pacific ṣe ń tẹ́ irin la aṣálẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n wá ibi tí ẹ́ńjìnnì onísitíìmù á ti mumi, tí awakọ̀ tó ti rẹ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀ kí ẹlòmíràn gba ọkọ̀. Sitíìmù ti dohun ìgbàanì, ṣùgbọ́n títí dòní, Winslow náà ni àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù ilé iṣẹ́ rélùwéè BNSF ti ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

La Posada ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Mary Colter ló yàwòrán hòtẹ́ẹ̀lì yìí fún ilé iṣẹ́ Fred Harvey, tó ń bọ́ àwọn èrò rélùwéè Santa Fe. Obìnrin náà kọ́kọ́ ro ìtàn ìdílé olówó ará Spain kan tí kò sí rí, ó wá kọ́ ilé náà bí ẹni pé ìrandíran wọn ló ń fi yàrá kún un. Oṣù Karùn-ún 1930 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wó. Ní 1957 wọ́n tì í, lẹ́yìn náà wọ́n ta àga àti tábìlì, rélùwéè sọ yàrá di ọ́fíìsì. 1997 ni àwọn tó tún un ṣe rà á. Ní tèmi, ìyẹn ló gba ìlú náà là. Bí ẹ bá fẹ́ máa wo ọkọ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní yàrá apá gúúsù. Bí oorun yín bá fúyẹ́, ẹ mú ohun tí ẹ ó fi di etí dání, torí ọkọ̀ ẹrù kì í mọ òru.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, I-40, òpópónà ńlá tó so àwọn ìpínlẹ̀ pọ̀, yẹ ìlú náà sílẹ̀, ọjà sì tú. "Take It Easy", orin ẹgbẹ́ Eagles tó jáde ní 1972, ti dárúkọ Winslow. Nítorí orin yẹn ni wọ́n fi kọ́ ọgbà igun òpópónà ní 1999, níbi tí Kinsley ti pàdé Second Street. Ẹ wo ògiri rẹ̀ dáadáa: fèrèsé tó wà lára rẹ̀, ọ̀dà lásán ni. Iná jó ilé tó ni ògiri náà ní 2004, ògiri nìkan ló kù, wọ́n sì jẹ́ kó dúró.

Meteor Crater ńkọ́? Ẹ gba I-40 lọ sí ìwọ̀ oòrùn dé ìjáde 233, kí ẹ yà sí gúúsù, bíi kìlómítà 10. Ihò náà fẹ̀ tó kìlómítà 1.2, ó jìn tó mítà 170. Òkúta onírin tó já láti ojú ọ̀run ló gbẹ́ ẹ, ní nǹkan bí 50,000 ọdún sẹ́yìn. Daniel Barringer gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń wá irin ńlá nísàlẹ̀. Kò rí i, torí eré tí òkúta náà bá dé ti sọ ọ́ di ooru àti ẹ̀rúnrún. Ìdílé rẹ̀ ló ṣì ni ibẹ̀, nítorí náà káàdì ọgbà ìjọba àpapọ̀ kò ṣiṣẹ́. Bàtà tó bo ọmọ ìka ni kí ẹ wọ̀, ẹ̀fúùfù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ní Homolovi, ìlú àtijọ́ àwọn baba ńlá ẹ̀yà Hopi, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àpáàdì ìkòkò wà nílẹ̀ káàkiri. Ẹ má mú ọ̀kan. Òfin kọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wá kù. Ọkọ̀ ojú irin èrò tó ń jẹ́ Southwest Chief ń lọ sí Chicago ní ìdájí, ó ń lọ sí Los Angeles ní alẹ́. Kò sí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀, ẹ ra tiyín sílẹ̀. Arizona kì í yí aago síwájú ní wákàtí kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ń yí tiwọn. Nítorí náà láti oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, wákàtí kan ni ọkọ̀ fi ń ṣáájú àkókò tó ń dé nígbà òtútù. Ilẹ̀ ẹ̀yà Navajo tó wà lápá àríwá ń yí aago ní tiẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń da àlejò rú. Ọkọ̀ sì máa ń pẹ́, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ wo fóònù kí ẹ tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, torí òtútù ìdájí aṣálẹ̀ yìí ń wọ egungun.