Àtúnṣe ilé: nínú gbogbo àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn, ta la máa gbọ́ tiẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara yín tún ilé ṣe, irinṣẹ́ lè wọ́n yín, àkókò lè má sí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn? Ó wà bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹ ṣáà ya fọ́tò ògiri tó ń bó kẹ́ ẹ fi han àwọn tẹ́ ẹ jọ fẹ́ràn irú iṣẹ́ yìí, ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ ha á kẹ́ ẹ tún un kùn, òmíì á ní ọ̀dà tí omi ò lè gba inú ẹ̀ kọjá ni kẹ́ ẹ lọ rà, òmíì á ní kẹ́ ẹ fọ́ gbogbo pílásítà yẹn dànù títí dórí búlọ́ọ̀kù, ẹnì kan á sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé gbogbo ìṣòro ayé yìí, sílíkọ́ọ̀nù ló máa ní kẹ́ ẹ fi dí i. Ó sì dá gbogbo wọn lójú ṣáká.

Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o, torí ọwọ́ irú wọn ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀. Àwọn oníṣẹ́ gan-an náà ń gbani nímọ̀ràn, àmọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan lójoojúmọ́ ti gbàgbé ohun tó máa ń ṣòro fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kò lè rántí sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ti ọ̀nà omi pa kẹ́ ẹ tó tú táàpù, torí ó ti mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n ẹni tí omi ti tú sí lójú rí lọ́jọ́ Sátidé, á rántí dáadáa. Ohun tí mo wá ń wò báyìí kò ju ẹyọ kan lọ: ta ló bi mí léèrè nǹkan kó tó dá mi lóhùn? Ẹni yẹn ni mo máa ń gbọ́ tiẹ̀. Ẹni tó kàn wo fọ́tò tó ní "ṣe báyìí", tí tiẹ̀ bá tiẹ̀ bọ́ sí i, oríire ni.

Ògiri yàrá kan nílé mi ló kọ́ mi. Ọ̀dà ẹ̀ ń wú, ó ń ṣí, mo béèrè káàkiri, kálukú ń dárúkọ irú ọ̀dà tí màá rà. Ẹ̀gbọ́n kan báyìí tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn tún ilé tiwọn ṣe látòkè délẹ̀ ò dárúkọ ọ̀dà kankan. Wọ́n ní, "Báwo ló ṣe ga tó láti ilẹ̀? Ṣé tójò bá rọ̀ ló máa ń pọ̀ sí i àbí bákan náà ló máa ń rí? Kí ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì sọ ohun tí màá ṣe." Wọ́n ní, "Ìwọ náà ò tíì sọ ohun tó ń ṣe é."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi bi mí bẹ́ẹ̀. Omi tó ń fà láti inú ilẹ̀ gòkè, ìsàlẹ̀ ògiri ló máa ń wà, kì í sábà kọjá nǹkan bíi mítà kan, ẹ máa rí ìlà tó nà gbọọrọ pẹ̀lú iyọ̀ funfun tó ń hù jáde lójú ògiri. Èyí tó wá látòkè, bóyá páànù ló lu tàbí góta ló dí, àpá ràbàtà ni, etí ẹ̀ á pọ́n résúrésú, òjò bá sì ti rọ̀ á tún gbòòrò sí i. Èyí tó wá látinú afẹ́fẹ́ ló máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, torí kò síbi tó ń jò rárá. Ooru omi gbígbóná tá a fi wẹ̀, ti ìkòkò tó ń hó, ti aṣọ tútù tá a sá sínú ilé, gbogbo ẹ̀ á lọ di omi síbi tó bá tutù jù lára ògiri, ìyẹn kọ̀rọ̀ ilé, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ebu dúdú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bo ibẹ̀. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ nìyẹn, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, ẹ wá fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta fún balùwẹ̀, torí kò sí ọ̀dà tó máa wò ó.

Tí ẹ ò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara kan, kó fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì mítà níbùú lóòró, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ dí gbogbo etí ẹ̀ pa, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Tí omi bá sẹ̀ sójú ọ̀rá tó kọ sí yàrá, afẹ́fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ abẹ́ ẹ̀, láàárín òun àti ògiri, inú ògiri lomi wà. Tó bá sì jẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri ló ń ṣe, ẹ lọ wo ìta kẹ́ ẹ tó náwó kankan. Ilé tí wọ́n kọ́ dáadáa, wọ́n máa ń tẹ́ nǹkan tí omi ò lè là kọjá sínú ògiri nísàlẹ̀, ó sì yẹ kí ilẹ̀ ìta fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15 lọ sílẹ̀ jù ú lọ. Àmọ́ ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti kó iyẹ̀pẹ̀ tì í tàbí tí wọ́n da kọnkéré ga bò ó mọ́lẹ̀, omi á kàn gba orí ẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́. Ṣọ́bìrì ló máa tún ìyẹn ṣe.

Tèmi, balùwẹ̀ ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn, àpá náà ò sì bá òjò rìn. Ẹ̀gbọ́n ní kí n ti gbogbo táàpù ilé pa, kí n lọ wo míta omi. Ó ń yí, díẹ̀díẹ̀. Páìpù tó wà nínú ògiri ló ń jò, gbogbo ọ̀dà tí wọ́n ti dárúkọ fún mi, wíwú náà ni gbogbo ẹ̀ ò bá tún máa wú.

Àwa tá à ń béèrè náà lẹ́jọ́ tiwa o. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ abèèrè tí ò sọ ibi tó ń lọ, ta ló fẹ́ júwe ọ̀nà fún un? Èèyàn á fi fọ́tò kan tó ṣókùnkùn ránṣẹ́, á ní "ẹ gbà mí o, kí ni kí n ṣe?", ó dà bí ẹni tó lọ bá dókítà tó kàn ní "ara mi ò yá" tó sì dákẹ́. Ẹ ya fọ́tò láti ọ̀ọ́kán kí wọ́n lè rí gbogbo ògiri, kẹ́ ẹ tún ya èyí tó sún mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ sọ ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n, ṣé búlọ́ọ̀kù ni, bíríkì ni, pákó ni àbí bọ́ọ̀dù, ẹ sọ bó ṣe pẹ́ tó, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ti dán wò. Ẹni tó mọṣẹ́ máa gbádùn yín, ẹni tí ò mọ̀ á sì dákẹ́, tàbí kó ṣáà tún dárúkọ sílíkọ́ọ̀nù.

Ògiri tó sán náà nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ sọ ni pé kẹ́ ẹ fi nǹkan dí i, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá ó ṣì ń sán lọ. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí òpin rẹ̀ méjèèjì, ẹ kọ déètì síbẹ̀, ẹ wọn bó ṣe fẹ̀ tó, kẹ́ ẹ máa wò ó fún oṣù bíi mélòó kan. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, pílásítà tó sún kì nígbà tó ń gbẹ ló sábà máa ń fà á, ẹ dí i kẹ́ ẹ kùn ún. Àmọ́ èyí tó dá gbùnrín láti igun fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà, tó fẹ̀ lápá kan ju ìkejì lọ, tí ilẹ̀kùn tó máa ń padé tẹ́lẹ̀ wá ń há, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpìlẹ̀ ló ń rìn. Tó bá ti ju mílímítà 5 lọ, tàbí tó ń fẹ̀ sí i, ẹ má dà á rò láàárín ọ̀rẹ́ mọ́, ẹ wá ẹnjiníà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ò gùn lẹ́nu mi. Ibi tí iṣẹ́ wà ni fífọ ògiri, híha, fífi sáńpépà ra á, nínu eruku ẹ̀ kúrò, kíkùn gan-an ò tó nǹkan. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gbà yín nímọ̀ràn bi yín ni pé irú ọ̀dà wo ló wà lára ògiri tẹ́lẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá kùn emulsion (ọ̀dà olómi) lórí gloss (ọ̀dà olóròóró tó ń dán) láìfi sáńpépà pa dídán ẹ̀, á ṣí. Tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ fi methylated spírítì sí àkísà funfun kẹ́ ẹ fi nu kọ̀rọ̀ kan: tí ọ̀dà bá ràn mọ́ àkísà, emulsion ni, tí ò bá ràn, gloss ni. Àpá omi tó ti gbẹ, ẹ kọ́kọ́ fi praímà tó ń dí àpá kùn ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́ ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀marùn-ún á tún yọ jáde. Tí ilé bá sì ti pẹ́, ẹ rọra o, òjé máa ń wà nínú ọ̀dà àtijọ́, Amẹ́ríkà ò fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé títí di 1978, eruku ẹ̀ sì léwu gan-an fún ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fi sáńpépà gbígbẹ kàn án.

Omi ni ibi tí mo máa ń ní kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Táàpù tó ń kán, lọ́pọ̀ ìgbà wáṣà kékeré tó wà nínú ẹ̀ ló ti jẹ. Ẹ ti ọ̀nà omi pa, ẹ fi nǹkan dí ihò bésìn kí súkúrù má bàa já sínú ẹ̀ (ẹni tó mọ̀ ló mọ̀), ẹ tú u, kẹ́ ẹ mú wáṣà àtijọ́ dání lọ ra irú ẹ̀. Téèpù funfun tí wọ́n máa ń wé mọ́ ẹnu páìpù, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà yí i le náà ni kẹ́ ẹ wé e gbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tú bẹ́ ẹ ṣe ń de é. Ti ilé ìgbẹ́ tó ń jò láìdún, ẹ kán nǹkan aláwọ̀ sínú táǹkì ẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí àwọ̀ yẹn bá dé inú àwo, rọ́bà ìsàlẹ̀ táǹkì ni kẹ́ ẹ pààrọ̀.

Ibì kan wà tí mi ò ti ń gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó bi mí ní ìbéèrè tó. Gáàsì, ògiri tó gbé ilé ró, páànù àtijọ́ tó ní asbestos, ẹ jẹ́ kí àwọn tó kọ́ ọ wá. Kí wọ́n kan ògiri kó dún kòròfo ò fi hàn pé kò gbé nǹkan kan. Ti iná, mo máa ń pààrọ̀ gílóòbù, ó tán. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi tí ẹnì kan ń sọ pé bíréékà tó ń já ṣáá, kí wọ́n fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò ẹ̀! Wáyà ni bíréékà yẹn ń dáàbò bò. Tí wáyà ò bá lè gbé ju iná tí bíréékà kékeré gbà lọ, tẹ́ ẹ wá fi ńlá síbẹ̀, wáyà máa gbóná títí á fi jó nínú ògiri, bíréékà ò sì ní já. Jíjá tó ń já yẹn gan-an, ẹjọ́ ló ń rò fún yín. Ẹni tó bá sì pọn dandan kó fọwọ́ kan wáyà, kó kọ́kọ́ fi tẹ́sítà ẹ̀ kan ibi tó mọ̀ pé iná wà, kó tó fi kan ibi tó fẹ́ ṣe, kó tún padà fi kan tàkọ́kọ́, torí tẹ́sítà tó ti kú náà ò ní tàn.

Èyí tó wà nílẹ̀ fún mi báyìí ni ilẹ̀ balùwẹ̀, torí bí wọ́n ṣe fọ́ ògiri débi páìpù ni díẹ̀ nínú táìlì ilẹ̀ fọ́ mọ́ ọn. Àwọn tí mo fọkàn tán jù gan-an ò fẹnu kò. Àwọn kan ní kí n hú gbogbo ẹ̀, kí n kun ohun tí ò ní jẹ́ kómi kọjá sí ilẹ̀ kí n tó lẹ tuntun, torí táìlì àti ohun tí wọ́n fi ń dí àárín ẹ̀ ò dá omi dúró fúnra wọn, òtítọ́ sì nìyẹn. Àwọn kan ní tí táìlì àtijọ́ bá dì mọ́lẹ̀ dáadáa, kí n ha ojú ẹ̀ kó lè di gúlù mú, kí n lẹ tuntun lé e, òun náà ṣeé ṣe, bó bá ṣe pé ẹnu ọ̀nà ga tó, torí táìlì àti gúlù ẹ̀ lè gba sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lẹ táìlì lórí táìlì rí, bí tèmi ṣe rí rèé: ilẹ̀ kọnkéré ni, kì í ṣe pákó. Mo ti fi ìdí sukudíráfà kan gbogbo ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn nìkan ló ń dún kòròfo. Ilẹ̀ ẹ̀ dagẹ̀ẹ̀rẹ̀ dáadáa sí ihò omi, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lórí mítà kọ̀ọ̀kan, ẹnu ọ̀nà sì fi sẹ̀ǹtímítà 2 ga jù ú lọ. Ẹ̀yin ńkọ́, ó ti tó ọdún mélòó tẹ́ ẹ ti lẹ tiyín, ṣé ó ṣì dì mọ́lẹ̀?