Mo Dín Wàrà Ewúrẹ́, Ó Tú Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Òróró ti gbóná dáadáa. Mo ti gé wàrà náà, mo ti fi iyọ̀ àti ata gígún pa á lára, bí a ṣe ń ṣe é ní Ṣakí. Mo sọ ẹyọ àkọ́kọ́ sínú òróró. Kí n tó mú ṣíbí, ó ti tú. Èkejì náà tú. Nígbà tí ẹ̀kẹta fi máa wọlé, inú páànù ti dà bí ẹ̀kọ mímu tó yí dànù sórí iná, gbogbo ilé ń rùn bí ibi tí wọ́n so òbúkọ mọ́, igi koríko kan tó wà láàrin wàrà náà sì ti ń jóná.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀) tí a jọ ń gbé ní ìlú Tours ní ilẹ̀ Faransé sáré jáde láti yàrá rẹ̀. Ó wo páànù, ó wo ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé Sainte-Maure lẹ ń dín?"

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ẹni tó bá dàgbà sí Òkè-Ògùn, wàrà tó mọ̀ ni èyí tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri nínú igbá. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù kaná, wọ́n á fún omi ewé bomubomu sí i, á dì. Àwọn ará Àjàṣẹ́ ń pè é ní wàgàsì, tiwọn a sì máa pupa lára nítorí ọkà bàbà tí wọ́n fi ń pa á láró. Inú iná ni wọ́n ti bí wàrà tiwa, òróró gbígbóná kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Sainte-Maure, wàrà ewúrẹ́ Faransé tí mo rà yìí, kò rí iná rí láyé rẹ̀.

Ọjà Les Halles ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ó gùn tó ìbú ọwọ́ méjì, orí kan tóbi ju èkejì lọ díẹ̀, ara rẹ̀ sì rí wúruwùru bí igi ìdáná tó kù sínú àdògán. Mo rò pé ó ti bu ni. Mo fi ìka han màdáámù tó ń tà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní èédú lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ iyọ̀ ni. Mo rà á nítorí ojú ń tì mí láti fi í sílẹ̀, òun ni mo gbé lọ dín.

Ní oṣù kẹrin, ẹnì kan tí òun àti ọmọ Àjàṣẹ́ wa jọ ń ṣiṣẹ́ mú wa lọ sí oko àwọn òbí rẹ̀, nítòsí ìlú Sainte-Maure-de-Touraine gan-an, tó tó kìlómítà 35 sí gúúsù Tours. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Tí wọ́n bá ti fún ọmú àwọn ewúrẹ́ tán, wọn kì í se mílíìkì náà. Wọ́n á bu omi wàrà àná díẹ̀ sí i kó lè kan, wọ́n á kán oje inú ikùn ọmọ ẹran sí i, ìwọ̀nba kékeré, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Á dì fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́. Wọ́n á wá rọra bù ú sínú ike gígùn tó ní ihò lára, kí omi lè ro dànù. Mílíìkì tó tó lítà méjì ló ń di ẹyọ kan ṣoṣo, tí kò ju nǹkan bíi gíráàmù 250 lọ. Lẹ́yìn náà ni iyọ̀ àti èédú, lẹ́yìn náà ni yàrá tútù, ó kéré tán ọjọ́ 10, wọ́n á máa yí i padà kó má baà dùbúlẹ̀ lójú kan.

Ti koríko yẹn ni mo fẹ́ gbọ́ jù. Bàbá olóko ní wàrà náà rọ̀ púpọ̀, ó lè kán sí méjì lọ́wọ́ èèyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki koríko ọkà seigle bọ̀ ọ́ láàrin bí òpó. Ó fa ọ̀kan yọ, ó ní kí n wò ó dáadáa. Wọ́n fi iná laser kọ orúkọ wàrà náà sí i lára, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó ṣe é. Láti ọdún 1990 ni òfin Faransé ti ń dáàbò bo orúkọ Sainte-Maure de Touraine. Èyí tí wọ́n bá kọ "Sainte-Maure" lásán sí, tí kò sí "de Touraine" lẹ́yìn rẹ̀, ibikíbi ni wọ́n ti lè ṣe é. Ìyẹn ni pé nọ́ńbà ọmọlúàbí kan ni mo sun nínú òróró lọ́jọ́ náà.

Mo bi í nípa òórùn òbúkọ. Ó ní àwọn kì í jẹ́ kí òbúkọ sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fún mílíìkì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ràn.

Ní báyìí, èmi náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Èyí tí kò tíì pẹ́ kan díẹ̀ bí ògì ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ń yọ́ lẹ́nu. Èyí tó ti gbó le, ó ń ta èèyàn lórí ahọ́n. N kì í ra ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé iná ni ẹ fẹ́ fi kàn án dandan, ẹ gbé e lé orí búrẹ́dì kí ẹ tó tì í sínú ààrò, búrẹ́dì ni yóò gbà á dúró. Àbúrò mi ọmọ Àjàṣẹ́ ń fi ti ẹ̀ mu gàrí. Èmi ò fara mọ́ ọn: gàrí Ìjẹ̀bú ń kan, wàrà náà ń kan, ta ni yóò wá pẹ̀tù sí i?

Alẹ́ ọjọ́ tí a dé láti oko ni mo pe Màámi.

"Ewúrẹ́ bíi tẹ̀hìnkùlé wa yìí? Èyí tó ń jẹ èèpo iṣu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló ń bá wọn dì í mú?"

"Kò sẹ́ni tó ń dì í mú, mà. Wọ́n ń tò wá fúnra wọn ni."

"Ewúrẹ́ ń tò!" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Kí ni ọmọ rẹ̀ wá ń mu?"

Mo sọ ohun tí mo rí fún un, pé mílíìkì páúdà ni wọ́n ń pò fún àwọn ọmọ náà.

"Bíi Peak?"

"Bíi Peak, mà."

Ó ní kí n má pa fóònù. Mo ń gbọ́ ọ tó ń pe àbúrò mi láti yàrá, pé kó máa sáré bọ̀, kó wá gbọ́.