Ọdún Tí Kọ́míìkì Mi Gba Èéfín

Òjò oṣù keje ló fà á. Mo ti sùn lọ fọnfọn, mi ò gbọ́ nǹkan kan, àfi ìgbà tí mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ tí mo tẹ omi. Páànù ti jò sínú páálí tí mo kó kọ́míìkì mi sí. Páálí kan ṣoṣo ni o, ṣùgbọ́n ọdún 18 ni mo fi kó ohun tó wà nínú rẹ̀ jọ: èyí tí mo fi owó oúnjẹ rà nílé ìwé, èyí tí mo rí lórí òkìtì ìwé àlòkù, èyí tí bàbá mi fi sílẹ̀ kó tó re ibi àgbà ń rè. Mo jókòó sínú omi yẹn, mo bú sẹ́kún.

Ìyá mi kò bá mi sunkún. Ó gbé páálí náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń yan ẹja. Iná ti kú láti alẹ́, ooru díẹ̀ ló kù nínú eérú. Ó ń yọ wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi èékánná ya ojú ìwé tó lẹ̀ mọ́ra, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe máa ń yí ọ̀bọ̀kún lórí iná kí awọ rẹ̀ má baà bó, ó sì ń tẹ́ wọn sórí nẹ́ẹ̀tì tó ń tẹ́ ẹja sí. Bí ọ̀kan bá ń ká kò, á fi òkúta kékeré lé e. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò yan ẹja kankan. Ẹni tó bá mọ ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí á mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ fún ẹni tó ń jẹun nídìí ẹja. Nínú 59, 41 ló yè. Títí di òní, bí mo bá ṣí èyíkéyìí nínú wọn, òórùn ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ jáde, mi ò sì fẹ́ kó kúrò.

Mo mọ̀ pé àwa tí a fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí máa ń ka iye tí ọdún bá ń parí lọ. Tèmi nìyí, kí n tètè kúrò níbẹ̀: ìwé ìtàn àràmàǹdà 9 (31 ni ti èṣí), kọ́míìkì tuntun 6, àwo orin rọ́ọ̀kì tí mo gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin 14. Iye náà kéré, ṣùgbọ́n mi ò tíì kàwé báyìí rí láyé mi.

Nígbà tí ìyá mi ń yí àwọn kọ́míìkì náà padà lórí ààrò ló mú Powerman bàbá mi dání, èyí tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti yà á, ṣùgbọ́n àwa ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n yà á fún. Dave Gibbons àti Brian Bolland, ọ̀dọ́ méjì tí orúkọ wọn ò tíì jáde nígbà náà, ni wọ́n jọ ń pín in yà. Gibbons yìí náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya kọ́míìkì Watchmen tí gbogbo ayé ń pariwo lọ́dún 1986. Ìyá mi ò gbọ́ Òyìnbó. Ó ní, "Ta ni ọkùnrin tó ń fò yìí?" Mo ní alágbára ni, kò sí ohun tó lè mú un àfi bí ejò bá bù ú ṣán.

Ó gbé ojú sókè. "Ejò kẹ̀? Ta ló fún un ní gbogbo agbára yìí tí kò bá a wá oògùn ejò? Kàkò ò ní jáde nílé báyẹn."

Ojú tì mí, torí orúkọ Kàkò nìkan ni mo mọ̀. Èmi tí mo lè dárúkọ àwọn mẹ́sàn-án tó tẹ̀lé òrùka lọ nínú The Lord of the Rings, ìwé Tolkien òǹkọ̀wé Òyìnbó, bí wọ́n bá jí mi lójú oorun, mi ò ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tán rí. Ìyá mi tí ìwé rẹ̀ ò kọjá Praymárì Sísì mọ gbogbo wọn bí ẹni mọ ará ilé: Kàkò oníkùmọ̀ ẹkùn, Imọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ, Èfòìyẹ̀, Àràmàǹdà-òkùnrin. Kálukú pẹ̀lú ohun kan tó mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n tẹ̀lé Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ohun tí mo ń ná owó lé lórí látọdúnmọ́dún nìyẹn, ikọ̀ alágbára tí agbára ọ̀kan ò jọ ti èkejì. Ó ti wà nílé wa láti ọdún 1938.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Lálaalẹ́, lẹ́yìn ìrun ìṣá, ìyá mi á máa pa ẹ̀pìyà nínú abọ́, èmi á jókòó tì í, máa kàwé sókè. Ahọ́n mi ń kọsẹ̀. Mo pe ọ̀kọ̀ tó wà lọ́wọ́ ọdẹ ní ọkọ̀, ó sì dá mi dúró pé kí ni ọdẹ ń fi ọkọ̀ ṣe nínú igbó, kí n padà lọ kà á dáadáa. Ojú ìwé mẹ́rin lálẹ́, ìgbà míì méjì. Bí mo bá ń dá kàwé, ojú mi máa ń fo ibi tó bá gùn. Bí ẹnì kan bá ń gbọ́ ọ, kò sí ibi tí o máa fò.

A dé ibi tí Kàkò ti pa obìnrin tó dì mọ́ ọn pé kó má lọ. Ìyá mi fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Pa á dé." Alẹ́ méjì ni a ò kàwé. Ní ọjọ́ kẹta ó ní Fágúnwà mọ̀ pé kò dáa, ìdí tó fi kọ ọ́ nìyẹn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ìwé náà kò bá obìnrin yẹn sunkún tó. Ẹgbẹ́ ọdẹ kàn ń bá ọ̀nà wọn lọ ni. Mo fẹ́ràn ìwé yìí dénú, ìyẹn ló jẹ́ kí ó dùn mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọdún wéra. The Hobbit ti Tolkien jáde ní 1937, Ògbójú Ọdẹ tẹ̀lé e ní 1938. Ní 1954, tí apá kìíní The Lord of the Rings jáde, ni Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ti Fágúnwà jáde, ọdún náà ni My Life in the Bush of Ghosts tí Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ náà jáde. Ìwé mẹ́ta, ọdún kan, àjò sínú ilẹ̀ àìmọ̀ ni gbogbo wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ti ń pè ní ìpìlẹ̀ láti ìgbà èwe mi.

Orúkọ ìwé Tutùọlá yẹn ni Brian Eno àti David Byrne, olórin Òyìnbó méjì, fi sọ àwo tí wọ́n gbé jáde ní 1981. Mo gbé e sí spíkà fún ìyá mi: ìlù ń dún lákọlákọ, ohùn oníwàásù orí rédíò Amẹ́ríkà ń ké lórí rẹ̀. Ó tẹ́tí sí orin mẹ́ta. Ó bèèrè bóyá wọ́n ka ìwé náà. Mo ní rárá, Byrne fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé àwọn ò tíì kà á nígbà tí àwọn mú orúkọ náà. Ó ní, "Á jẹ́ pé orúkọ ló pè wọ́n." Mi ò tíì rí ẹni tó sọ̀rọ̀ àwo yẹn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu.

Àwo tó bá mi rìn jù lọ́dún yìí ni Band on the Run. Nínú dánfó láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ajah, ní ìdájí, íápíìsì létí. Èkó wa yìí ni Paul McCartney àti ẹgbẹ́ Wings ti gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1973, ní Àpápá. Olórin méjì ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀ òfúrufú, ó ku mẹ́ta. Àwọn olè yọ ọ̀bẹ sí McCartney àti ìyàwó rẹ̀ lóru, wọ́n sì gba kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn orin náà wà nínú rẹ̀. Ó wá ní láti rántí wọn látorí. (Ọdún kan náà ni ẹgbẹ́ olórin BLO gbé Chapter One jáde, tí àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's tí wọ́n ń jẹ́ Ofege gbé Try and Love jáde. Ẹni tó bá ní gìtá tó ń han gooro kì í ṣe tiwa, kó lọ gbọ́ àwo méjèèjì.)

Ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo mú ìwé ìkọ̀wé, mo kọ orúkọ kọ́míìkì 18 tí òjò bàjẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n látorí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ti sọ 11. Àwọn tó kù, mo rántí àwòrán, mi ò rántí òpin.

Ọmọ yìí, Ìyanu ló ń jọ ọ́ lójú. Kọ́míìkì Roye Okupe ni, ọmọ Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ Dark Horse bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní 2021, ó sì di àwòrán tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Nígbà tí ó rí i pé ọmọbìnrin tó ní agbára ń jẹ́ orúkọ tí òun mọ̀, ó dìde dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, kò jókòó títí ó fi parí. Ní oṣù kọkànlá mo mú un lọ wo Erédò, yàrà tí wọ́n ní Bilikisu Súngbọ́ ló gbẹ́, tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká bíi 160 kìlómítà, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ dé orí odi. Gbogbo odi tí mo ti kà nínú ìwé, orí bébà ni wọ́n wà. Èyí tutù lọ́wọ́. Ewédò bò ó, omi ń kán láti ara rẹ̀ tó, tó, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. Ọmọ náà fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó ní, "Àǹtí, ta ni wọ́n ń sá fún?"

Igbó Olódùmarè ló wà lọ́wọ́ wa báyìí, ti ọdún 1949. Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, ti dojú kọ Àǹjọ̀nú-ìbẹ̀rù. Lálẹ́ àná ohùn mi há, mo ní kí a dáwọ́ dúró síbẹ̀. Ìyá mi ṣan ọwọ́, ó nù ún sára ìró rẹ̀, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sún iná sólà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi.