Ìyìn Ta Ni Íńdíà Ń Dúró Dè?

Láti ọdún 2014 ni mo ti ń gbé ní Pune, ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Ibẹ̀ ni mo ti gboyè, ibẹ̀ náà ni mo ti ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí mo bá pe ilé ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í gbàgbé láti bi mí pé, “Ìgbà wo lo fẹ́ lọ sí òkè òkun gan-an?” Lójú wọn, ẹni tí kò bá tíì dé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà kò tíì kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí wọra, nítorí Íńdíà yìí kan náà ni àwọn ará ilé wa ń dáwó jọ láti gbé aláìsàn lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkàn tàbí kíndìnrín bá le.

Iná kì í sábà lọ ní àdúgbò mi, ata pọ̀ nínú oúnjẹ wọn bíi tiwa, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti Ojúẹlẹ́gba. Ojú tí ọmọ ìlú fi ń wo ìlú rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Ní Nàìjíríà, kí dánfó tó dé bọ́sítọ́ọ̀pù kejì, àwọn èrò inú rẹ̀ á ti bú ìjọba tán, àjèjì tó bá sì bá wọn dá sí i kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Íńdíà lè bú tiwọn láàárín ara wọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ṣùgbọ́n bí àlejò bá yọjú, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni “India kaisa laga?”, èyí ni pé, báwo ni Íńdíà ṣe rí lójú rẹ? Bí o ti ń dáhùn ni wọ́n ń wo ẹnu rẹ.

Ọdún tí mo dé ni ẹ̀rọ tí Íńdíà rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars dé àyíká rẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án. Láìpẹ́ sí i, New York Times gbé àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan jáde: àgbẹ̀ kan tó fa màlúù lọ́wọ́ ń kan ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá tó ń rán ẹ̀rọ lọ sí òfuurufú. Ìwé ìròyìn náà tọrọ àforíjì. Nígbà tí Chandrayaan-3, ẹ̀rọ tí Íńdíà rán lọ sí òṣùpá, balẹ̀ nítòsí ìpẹ̀kun gúúsù òṣùpá ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹjọ, ọdún 2023, gbogbo wa dìde lọ́fíìsì. Ẹni tí tábìlì rẹ̀ súnmọ́ tèmi ń sunkún, èmi náà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Ṣùgbọ́n tíì tí wọ́n gbé wá kò tíì tutù tí wọ́n fi ń fi àwòrán àgbẹ̀ ọjọ́sí yẹn han ara wọn lórí fóònù, tí wọ́n sì ń wá ohun tí àwọn oníròyìn Lọ́ńdọ̀nù àti New York sọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀gún yẹn ti wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Onílé mi, bàbá tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi rí pé UNESCO, àjọ àgbáyé fún ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà tó wà ní Paris, ti yan orin orílẹ̀-èdè wọn, Jana Gana Mana, gẹ́gẹ́ bí èyí tó dára jù lágbàáyé. Irọ́ ni; ó ti ń jà rànìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, UNESCO sì ti sẹ́ ẹ. Kí ni orin tí bàbá yìí ń tìtorí rẹ̀ dìde dúró ṣánṣán fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí láti Paris ṣe? Rabindranath Tagore, akéwì tó kọ orin náà, gan-an rí irú èyí. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1913, èrò wọ ọkọ̀ ojú irin láti Calcutta wá yẹ́ ẹ sí ní Santiniketan, inú rẹ̀ kò sì dùn sí wọn, nítorí ìgbà tí Yúróòpù yìn ín ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tó rí i.

Ibi tó dùn mí jù nìyí: kì í ṣe ìyìn gbogbo àjèjì ni wọ́n ń wá. Ní ọdún kan, nígbà ọdún Ganesh, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ará Jámánì kan wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà ilé wa. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló ti lò ní Íńdíà. Wọ́n wé láwàní sí i lórí, wọ́n mú un lọ síwájú, wọ́n sì ya fídíò rẹ̀ bó ti ń sọ pé ọdún náà dára. Èmi tí mo ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, tí mo to àga láti àárọ̀, sọ ohun kan náà fún ìyá kan ní èdè Híńdì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó sì yíjú padà sí ará Jámánì. Kí n tó rí ilé yẹn gbà pàápàá, ilé mẹ́fà ni wọ́n ti sọ fún mi pé wọn kì í gba ará Áfíríkà.

Mo mọ̀ pé àwa náà ní àrùn yìí. Bí òyìnbó kan bá fi ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kan ẹnu nínú fídíò, àwa ni a ó pín in káàkiri. Inú àrùn kan náà ni ìbéèrè ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti wá: wọn kò lè gbà pé mo ti rí ṣe, àfi bí òyìnbó bá fún mi ní físà. Èyí gan-an ni kò jẹ́ kí n ronú àtikó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí àwọn ará ilé. Iṣẹ́ mi dára, mo gbọ́ èdè, mo sì lọ́rẹ̀ẹ́. Bàbá tó ń ta tíì ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wa kò bi mí rí bí Íńdíà ṣe rí lójú mi. Bí atalẹ̀ inú tíì bá tó ni ó máa ń béèrè, bí mo bá sì ní kò tó, yóò gún òmíràn sí i.